Ẹyin, Ẹ̀yìn, Eyín

Àwọn ọmọdé Láfíàjì kò mọ orúkọ rẹ̀.
Wọ́n ní, "Bọ́ọ̀lù ẹyin ti dé o!"
Wọn ò kúkú purọ́.
Ó rí bí ẹyin tí adìẹ yé lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ ò yá.
Awọ rẹ̀ ti bó; ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti gbé e lọ
fún Bàbá Oníbàtà ní Òkè Súnnà kó bá mi rán an.

Èmi ni akọ̀wé. Èmi náà ni akápò.
Èmi ni mo ń fọ jẹ́sì bí Mọ́ńsúrátù bá ní ìdánwò.
Alága wa ń gbé ní Ìkòyí,
fóònù rẹ̀ a máa kú ní gbogbo Sátidé.
Nínú ìwé ìnáwó mi, ojú ewé "owó tó wọlé"
mọ́ tónítóní bí àwo ẹni tí ebi ń pa.

Àjọ kọ lẹ́tà: ẹ ka iye agbábọ́ọ̀lù yín,
ẹ ka iye pápá yín, ẹ fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì.
Pápá, kẹ̀?
Àwọn oníbọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ló ni ín títí di aago mẹ́rin,
àwọn aláàdúrà gbà á láago mẹ́fà.
Erékùṣù tiwa nìyẹn: wákàtí méjì,
omi lọ́tùn-ún, omi lósì.

A fi okùn so ọparun mọ́ igi góòlù wọn
kó lè ga bó ṣe yẹ kó ga.
Àwọn tó ń kọ́lé ní Òkè Pópó ló yá wa,
wọ́n ní ká dá a padà kí sìmẹ́ńtì tó dé.

Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ Yábàá kọjá afárá wá bá wa,
ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún là ń wá. Mo ka orí.
Mùfútàù ti dé, onítan bí òpó.
Sẹ̀wànù dé pẹ̀lú òórùn ẹja, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ ni.
Àwọn Pẹ́dírò méjèèjì pín bàtà kan,
ọ̀kan wọ ọ̀tún, èkejì wọ òsì.
Mo tún un kà. Mẹ́rìnlá.
Ọ̀gbẹ́ni Ajóṣe, rẹfirí, wo aago rẹ̀, ó wò mí.
Mọ́ńsúrátù ní, "Bùọ̀dá Akọ̀wé, jẹ́sì kan ṣì kù."

Ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni mo kó sínú jẹ́sì náà.

A dorí kodò, a fi èjìká ti èjìká bí àgbò iléyá,
ilẹ̀ ń mì, ẹnìkan ń gbàdúrà sí mi létí.
Ẹyin bọ́ sẹ́yìn.
Òfin eré yìí ò le, ó kàn lòdì ni:
iwájú lò ń lọ, ẹ̀yìn lo gbọ́dọ̀ jù ú sí.
Bẹ́ẹ̀ náà ni bàbá mi, alágbàrù ní Àpápá,
ṣe ju owó ilé-ìwé sí mi
kí ẹrù tó dá a lulẹ̀.

Bọ́ọ̀lù bà lé mi láyà. Mo sá.
Ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án, bóyá.
Ọmọ Yábàá kan tó rí bí fìríìjì kó mi nítan.
Ọwọ́ mi ló rántí òfin:
mo jù ú sẹ́yìn, n ò wo ẹni tó wà níbẹ̀.
Sẹ̀wànù ló wà níbẹ̀.
Ó gbé e kọjá ìlà eérú tí a fà,
ó fi àyà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí adìẹ tó ń sàba.

A ò borí o. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín.
Yábàá lù wá bí ẹní lu bàrà.
Ìyá Rísíkátù tó ń ta ẹja tútù fi yìnyín ránṣẹ́,
ó ní òun ò gbowó, òun kàn fẹ́ mọ
ohun tó ń mú àgbàlagbà lé ẹyin kiri.
N ò lè dá a lóhùn, ẹ̀jẹ̀ kún mi lẹ́nu.
Mọ́ńsúrátù ló rí i nínú koríko,
ó fi omi ṣàn án, ó fi lé mi lọ́wọ́.

Lálẹ́, mo ṣí ìwé ìnáwó.
Okùn: ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ náírà.
Bàbá Oníbàtà: a ṣì jẹ ẹ́ ní gbèsè.
Eyín kan: kò sí rìsíìtì.
Lábẹ́ "owó tó wọlé" mo di bírò mú, mo ronú títí,
mo kọ ọ́ síbẹ̀: Sẹ̀wànù.
Ìgbà náà ni mo tó rántí
pé a ò tíì dá ọparun padà.